Ààrẹ Afẹ́ Babalọlá: Agbẹjọ́rò Tó Dá Yunifásítì Sílẹ̀

Nínú àwọn ọmọ Èkìtì tí wọ́n fi èrè iṣẹ́ wọn tún ìlú ṣe, Ààrẹ Afẹ́ Babalọlá ò gbẹ́yìn. Ọdún 1929 ni a bí i sínú ìdílé àgbẹ̀ ní Adó-Èkìtì. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Emmanuel ló lọ. Kò jókòó ní kíláàsì girama rí.

Bó ṣe kàwé yẹ ní àyẹ̀wò. Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń fi ìwé ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí i. Yóò dá a kà, yóò dáhùn ìbéèrè rẹ̀, yóò fi í ránṣẹ́ padà, yóò sì máa retí èsì. Báyìí ló ṣe yege ìdánwò Cambridge, tó sì gboyè nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé àti ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ó di agbẹjọ́rò ní 1963.

Ní 1965, ó dá ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ilé-iṣẹ́ náà gbòòrò títí ó fi wà lára àwọn tó tóbi jù ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò ló kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó di ẹni ńlá. Ní 1987, òun náà di Agbẹjọ́rò Àgbà, oyè tí a mọ̀ sí SAN.

Iṣẹ́ ìmọ̀ràn lórí ètò ẹ̀kọ́ ló tẹ̀ lé e. Ní 2001, ìjọba fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ alákòóso Yunifásítì Èkó. Ibẹ̀ ló ti fojú ara rẹ̀ rí ohun tó ń dí yunifásítì wa lọ́wọ́. Ìmọ̀ràn nìkan kò tó o mọ́. Ní 2009, ó dá yunifásítì tirẹ̀ sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì.

Wọ́n ń kọ́ ìmọ̀ òfin, ìṣègùn, iṣẹ́ ẹ̀rọ àti sáyẹ́ǹsì níbẹ̀. Oko ńlá wà nínú ọgbà rẹ̀, nítorí pé ọmọ àgbẹ̀ kì í gbàgbé oko. Ilé ìwòsàn rẹ̀ ní ibùsùn 400.

Àǹfààní ilé ìwòsàn náà kò mọ sí Adó. Ẹni tó ń ṣàìsàn ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Ẹmùré lè rí dókítà onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nítòsí, láìronú àtilọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó. Ẹni tí ìwé ẹ̀kọ́ ń tọ̀ wá láti òkè òkun ti sọ Èkìtì di ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wá kàwé.