Ṣé O Wà Níbẹ̀?

Kí agogo eré ìdárayá tó lù ni olùkọ́ náà ti wà lórí pápá, tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ koríko lọ, tẹ̀ ẹ́ bọ̀, bí ẹni tó ń wá owó tó já bọ́. Ó yọ òkúta kan, ó jù ú sí ẹ̀bá ọgbà. Ó rí àfọ́kù ìgò, ó fi bébà wé e kó tó gbé e kúrò. Kùkùté igi kan wà níbẹ̀ tí kò ṣeé fà tu; ó gbé àga ike lé e lórí kí gbogbo ojú lè rí i. Lẹ́yìn èyí ló tó fọn fèrè.

Àwọn ọmọ JSS 2 ni, wọ́n tó ọgbọ̀n. Ohun tí wọn yóò ṣe kò ju pé kí ọmọ kan fẹ̀yìn sílẹ̀, kí èkejì gbà á. Lójú ẹni tó ń kọjá, eré ni.

Ó kọ́kọ́ gbé apẹ̀rẹ̀ kan yí wọn ká. Aago ọwọ́, òrùka, bíró inú àpò àyà, kọ́kọ́rọ́ tó wà lókùn ọrùn, bẹ́líìtì onírin: gbogbo rẹ̀ wọ inú apẹ̀rẹ̀. Ẹni tó lo awò ojú bọ́ ọ. Ọmọbìnrin tó fi ìlẹ̀kẹ̀ sí etí irun kó irun náà jọ sókè, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ lè ta bá ojú ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó wọ sálúbàtà bọ́ ọ sílẹ̀.

Ó wá ń pín wọn ní méjì-méjì. Gíga àti ìwọ̀n ara ló ń wò, kì í ṣe ẹni tó ń bá ẹni jókòó ní kíláàsì. Síbẹ̀ ọmọ tí kò bá fẹ́ kí ọkùnrin fọwọ́ kan òun, kó ṣáà ti sọ ọ́, yóò wá obìnrin tó bá a mu fún un. Kò béèrè ìdí.

Ẹni tó ń gbani ló kọ́kọ́ kọ́, ẹni tó ń ṣubú dúró ná. Ẹsẹ̀ kan síwájú, ìkejì sẹ́yìn, kí orúnkún rọ̀ díẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì sókè, àtẹ́lẹwọ́ kọjú síwájú, àwọn ìka sún mọ́ra, ìgunpá ká díẹ̀. Ojú kò gbọdọ̀ kúrò lára ẹni tó wà níwájú. Ó ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan sí èkejì, ó ń fi ìka ti èjìká wọn. Ẹni tó bá mì, ó fi bàtà tirẹ̀ sún ẹsẹ̀ ọmọ náà sẹ́yìn díẹ̀, ó tún tì í wò. Nígbà tí kò mì mọ́, ó kọjá lọ. Kò sọ̀rọ̀.

Ó kan ẹni tó ń ṣubú. Ẹsẹ̀ pa pọ̀. Apá ká mọ́ àyà, ọwọ́ ọ̀tún di èjìká òsì mú, tòsì di tọ̀tún mú, kí apá má baà fò jáde lọ gbá ẹnìkan ní imú. Ara nà gbọnrangandan láti orí dé gìgísẹ̀. Bí ìbàdí bá tẹ̀, ìdí ni yóò kọ́kọ́ wá sílẹ̀, ọwọ́ tó ń dúró de èjìká kò sì ní í bá ohunkóhun.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀. Ẹni iwájú á ní: “Ṣé o wà níbẹ̀?” Ẹni ẹ̀yìn á ní: “Mo wà.” “Mò ń bọ̀ o.” “Máa bọ̀.” Wọ́n pè é ní àpètúnpè láìṣubú rárá, títí ẹnu wọn fi mọ̀ ọ́n. Bí ìdáhùn kò bá jáde, ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ yẹ̀.

Ní ìgbà àkọ́kọ́, ọwọ́ ti wà lára ẹ̀yìn èjìká kí ọmọ tó fẹ̀yìn. Kò sí ìṣubú kankan níbẹ̀. Ìwúwo ló kàn ń kọjá láti ara kan sí èkejì. Nígbà kejì, àlàfo tó ìbú àtẹ́lẹwọ́. Nígbà kẹta, ó tó ìlọ́po méjì rẹ̀, ibẹ̀ ló sì dúró sí lọ́jọ́ náà. Ibi tí mo ti rí iṣẹ́ rẹ̀ jù ni bí ọwọ́ àwọn ọmọ náà ṣe ń gbani. Ọwọ́ kì í dá ara dúró gbàgà. Ó ń bá a lọ sẹ́yìn díẹ̀, orúnkún ń tẹ̀, ìwúwo ń sọ̀ kalẹ̀ sí itan, wọ́n sì ń tì í padà sókè jẹ́jẹ́ títí gìgísẹ̀ á fi gbà á.

Láàárín èyí, ó na ọwọ́ sókè, gbogbo eré dúró. Ọmọkùnrin kan ló ti ń wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò tíì ṣe nǹkan kan. Olùkọ́ náà bọ́ sí ipò rẹ̀, ó gba ẹnìkejì rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ní kí ọmọkùnrin náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó máa wo ìgunpá òun. Kò pariwo mọ́ ọn. Mo rò pé olùkọ́ mìíràn ì bá dúró kí ọmọ náà kùnà ná kó tó bá a wí.

Ọmọbìnrin kan mi orí pé òun kò ṣe nígbà tó kàn án. Olùkọ́ náà fi í ṣe ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń gbani, ó sì fún un ní àṣẹ láti dá eré dúró. Karl Rohnke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àjọ Project Adventure, tó bẹ̀rẹ̀ ní Massachusetts ní 1971, ló sọ ọ́ di òfin iṣẹ́ yìí pé ẹni tí yóò ṣe é ló ń yan ibi tí òun yóò dé. Inú ẹgbẹ́ Man O' War ní yunifásítì ni olùkọ́ yìí ti kọ́ tirẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ náà wá láti ara ilé-ẹ̀kọ́ tí Alec Dickson dá sílẹ̀ ní 1951 ní Man O' War Bay, ní etíkun apá Cameroon tí wọ́n ń ṣàkóso pọ̀ mọ́ Nàìjíríà nígbà náà. Ibẹ̀ ni Citizenship and Leadership Training Centre, tó ní ilé-ẹ̀kọ́ lórí òkè Shere nítòsí Jos, ti ṣẹ̀ wá.

Ìrìn ìbòjú ló tẹ̀ lé eré ìfẹ̀yìn náà. Áńkáṣíìfù tirẹ̀ ni oníkálukú fi bojú, kí Apolo má baà ràn láti ojú kan sí èkejì. Ẹni tí òkùnkùn bá ń dẹ́rù bà lè kàn di ojú. Afinimọ̀nà kò gbọdọ̀ fa ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò ríran ni yóò di òkè ìgunpá rẹ̀ mú, kó lè jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá wù ú, afinimọ̀nà á sì fi ìdajì ìṣísẹ̀ ṣíwájú. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo wà lọ́nà náà. Ibẹ̀ ni olùkọ́ náà lọ dúró sí, kò sì kúrò níbẹ̀ títí ẹni ìkẹyìn fi kọjá.

Nígbà tí wọ́n jókòó sórí koríko, àwọn tó gbani ni olùkọ́ náà kọ́kọ́ bi léèrè: “Ìgbà wo lẹ mọ̀ pé ó ti gbé ara lé yín?” Ọ̀kan ní ìgbà tí èémí ẹni iwájú yí padà ni. Olùkọ́ náà mi orí sí i, ó dúró de ẹlòmíràn.

Mo bi olùkọ́ náà léèrè nípa irú èyí tí ọmọ ti ń gun tábìlì kó tó fẹ̀yìn, tí wọ́n á tò sílẹ̀ láti gbà á. Ó ní òun kì í ṣe é ní ilé-ìwé: láti òkè bẹ́ẹ̀, bí ìbàdí bá tẹ̀, ọwọ́ díẹ̀ péré ni gbogbo ìwúwo yóò bọ́ lé, ọmọ náà sì lè já bọ́ sílẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé tí wọ́n ń mú irú eré yìí wá fún, ẹ bi ẹni tó mú un wá pé ta ni yóò gbani, ta ló kọ́ ọ, àti ibo ni ọwọ́ rẹ̀ yóò wà kí ọmọ tó fẹ̀yìn. Bí kò bá lè fi hàn yín lójú ẹsẹ̀, kí ó máa lọ.