Kí Ni Wọ́n Rí Lára Dayo Odeyingbo?

Ní ìparí oṣù kẹrin ọdún 2021, ojú gbogbo ẹgbẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà jẹun wà ní ìlú Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Àsìkò dráfùtì ni, ìyẹn ọjọ́ tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń mú nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti yunifásítì bọ̀. Ìpele méje ni ètò náà. Ẹgbẹ́ tí ọdún tó kọjá kò san fún ló máa ń kọ́kọ́ yàn, ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ ló ń kẹ́yìn. Ọ̀dọ́ 259 ni wọ́n yàn lọ́dún yẹn. Nígbà tó kan Indianapolis Colts ní ipò kẹrìnléláàádọ́ta, Chris Ballard tó ń darí ẹgbẹ́ náà mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, Dayo Odeyingbo, láti yunifásítì Vanderbilt. Lọ́jọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ yìí, kò lè sáré. Iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ ti já ní oṣù kìn-ín-ní, níbi tó ti ń gbára dì fún dráfùtì náà gan-an.

Ẹni tó bá gbọ́ ọ lè rò pé owó ni wọ́n jù sígbó. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yíyan eléré lójú tiwọn, ojú náà kò sì jọ ti ẹni tó ń wòran. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni ojú yẹn: ohun tó ń wá lára ọ̀dọ́ tó ń gbá ipò defensive end, àti ohun tó rí lára Odeyingbo nígbà tí kò sí aago kankan tó lè wọn eré rẹ̀.

Eléré mọ́kànlá ló ń dojú kọ mọ́kànlá nínú eré yìí. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní atọ́nà kan, quarterback, tó ń ju bọ́ọ̀lù fún àwọn tó ń sá lọ síwájú. Níhà kejì, àwọn géńdé kan tò sí ojú ìlà láti dí wọn lọ́nà, àwọn tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀tún àti òsì ìlà náà ni defensive end. Iṣẹ́ méjì tó ń ta ko ara wọn ló wà lọ́rùn wọn. Bí ọ̀tá bá fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù sáré, defensive end gbọ́dọ̀ dúró digbí, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ẹ̀gbẹ́ òun kọjá. Bí wọ́n bá fẹ́ jù ú, ó gbọ́dọ̀ fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ́gán, kó já mọ́ géńdé ọ̀tá tó ń dí i lọ́wọ́, kó sì dé ọ̀dọ̀ quarterback láàárín bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Kò sẹ́ni tí yóò sọ èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un. Lára ẹni tó kọjú sí i ni yóò ti kà á: bí géńdé náà bá ń fẹ̀yìn rìn, jíjù ni, bó bá tẹrí ba tó ń tì síwájú, sísáré ni.

Bó bá dé ọ̀dọ̀ quarterback tó sì gbé e ṣánlẹ̀ kó tó ju bọ́ọ̀lù, wọ́n á ní ó ti mú sack kan. Láti ọdún 1982 ni NFL, líìgì àwọn ẹgbẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n náà, ti ń kà á sínú ìwé fún eléré kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni méjì bá jọ gbé e ṣánlẹ̀, wọ́n á pín in ní ààbọ̀ ààbọ̀. Sack ni èrò ń pariwo fún, òun ni ìwé ìròyìn ń kọ, òun náà ló sì ń sọ eléré di olówó. Nítorí náà, ó rọrùn kí ènìyàn rò pé ẹni tó bá mú sack jù ní yunifásítì ni kí ẹgbẹ́ sáré yàn.

Ìtàn kò gbè é. Ní ọdún 2007, Vernon Gholston mú sack 14 fún yunifásítì Ohio State, iye tí ẹnikẹ́ni kò tíì mú rí nínú ọdún kan nílé ẹ̀kọ́ náà títí di ìgbà yẹn. Ó taagun, ó yára, ara rẹ̀ sì le bí òkúta. New York Jets yàn án ní ipò kẹfà ní ọdún 2008. Ọdún mẹ́ta ló lò níbẹ̀, kò sì mú ẹyọ sack kan ṣoṣo. Ẹ wá wo Odafe Oweh ti yunifásítì Penn State, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà lọ. Ní ọdún 2020, ó gbá eré méje láìmú sack kankan. Síbẹ̀, Baltimore Ravens yàn án ní ipò kọkànlélọ́gbọ̀n, ní ìpele àkọ́kọ́, nínú dráfùtì kan náà tí wọ́n ti yan Odeyingbo. Nígbà tó di ọdún 2024, sack mẹ́wàá ló mú fún Ravens. Àwọn àgbà ti wí pé a kì í mọ orí olóyè láwùjọ. Iye sack kì í purọ́ nípa ohun tó ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Géńdé tó ń dí i lè yọ̀ ṣubú, quarterback lè di bọ́ọ̀lù mọ́wọ́ pẹ́ jù, alábàáṣe rẹ̀ lè ti lé e wá bá a. Aṣàyẹ̀wò tó mọṣẹ́ máa ń yọ gbogbo èyí kúrò, kó tó wo ohun tó ṣẹ́ kù.

Láti mọ ohun tó ṣẹ́ kù yìí ni wọ́n ṣe ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ sí Indianapolis lọ́dọọdún. Wọ́n á ní kí wọ́n sáré 40 yáàdì, ṣùgbọ́n fún defensive end, yáàdì mẹ́wàá àkọ́kọ́ ni ojú àwọn àgbà wà lára rẹ̀, nítorí quarterback kì í sábà jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á ní kí wọ́n sáré yí kóònù mẹ́ta ká, kí wọ́n lè rí bí ìbàdí àti ọrùn ẹsẹ̀ ṣe rọ̀ tó: ẹni tí kò lè tẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó bá ń pẹ́kọrọ yóò sáré kọjá quarterback lọ bí ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ já. Wọ́n á tún wọn apá wọn. Odeyingbo kò rí ọ̀kankan nínú àwọn eré wọ̀nyí sá. Ní ọdún 2021, kòrónà ti mú kí wọ́n wọ́gi lé ìdánwò Indianapolis, ọgbà yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti pa á mọ́lé. Ara rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí wọ̀n. Apá rẹ̀ gùn ju ínǹṣì 34 lọ. Ó ga tó bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ààbọ̀, ó sì wúwo ju 120 kílò lọ. Ìyókù di ti fídíò àwọn eré tó ti gbá.

Fídíò náà kò dùn ún wò fún ẹni tó fẹ́ràn Vanderbilt. Nashville ni ilé ẹ̀kọ́ yìí wà, ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ tó lágbára jù lọ ní Amẹ́ríkà figa gbága, bí Alabama, Georgia àti LSU, nígbà yẹn, òun gan-an ni wọ́n sábà máa ń fi ṣeré jẹ. Ní ọdún 2020, eré mẹ́sàn-án ni wọ́n gbá, mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án ni wọ́n pàdánù. Wọ́n lé Derek Mason, kóòṣì wọn, kí ọdún tó parí. Inú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Odeyingbo ti gbá eré mẹ́jọ, tó sì mú sack 5.5. Ẹgbẹ́ tó bá ń pàdánù ń ni defensive end rẹ̀ lára ju bí èrò ṣe mọ̀ lọ: ọ̀tá tó ti ń borí kò nílò láti ju bọ́ọ̀lù mọ́, wọ́n kàn ń gbé e sáré kí àkókò lè tán ni, sack á sì wọ́n bí ojú. Iye kékeré níbẹ̀ lè tóbi ju iye ńlá níbòmíràn lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ní tòsí. Bọ́ọ̀lù ṣí. Odeyingbo gbé ìgbésẹ̀ gígùn méjì bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ìta lọ. Géńdé tó ń dí i fẹ̀yìn rìn tẹ̀lé e, ó ń wá bí yóò ṣe fi ọwọ́ méjèèjì kàn án láyà. Ní ìgbésẹ̀ kẹta, Odeyingbo yí wọlé, ó na ọwọ́ kan ṣoṣo tààrà, àtàǹpàkò lókè, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé àárín àyà onítọ̀hún, ó sì mú ìgúnpá le gbọnrangandan. Ọwọ́ kan gùn ju ọwọ́ méjì lọ, nítorí pé èjìká ń bá a lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú gídígbò náà nìyí: ẹni tó bá kọ́kọ́ di ẹnì kejì mú ló ń sọ ibi tí ìjà ń lọ. Géńdé náà ń fapá gbá afẹ́fẹ́, gìgísẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo ìwúwo rẹ̀ wà, ó ń sún sẹ́yìn lọ sórí quarterback tó yẹ kó dáàbò bò. Bó bá wá kó gbogbo agbára jọ láti tì í padà, Odeyingbo á gbá apá rẹ̀ dànù, á sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Bí kò bá tì í padà, á tì í dé ibi tó ń lọ. Méjèèjì kò sàn fún un.

Ohun kejì tí fídíò fi hàn ni pé ibi gbogbo ni ó lè dúró sí. Wọ́n lò ó ní ìpẹ̀kun ìlà, wọ́n sì lò ó nínú lọ́hùn-ún, níbi tí àwọn tó wúwo jù ú lọ ti ń fún ara wọn pa. Ẹni tó lè ṣe èyí ń gba kóòṣì lọ́wọ́ pípààrọ̀ eléré ní gbogbo ìgbà. Ohun kẹta ni pé kì í jáwọ́. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ti kọjá sí òdìkejì, tí ọ̀tá sì ti fi àmì ayò tó pọ̀ ṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ṣì ń lé e. Lójú tèmi, èyí ló yẹ kó wọ̀n jù lórí òṣùwọ̀n, nítorí pé kò sí èrè kankan tó so mọ́ ọn nígbà yẹn.

Àbùkù rẹ̀ náà kò fara sin. Gíga tó ràn án lọ́wọ́ tún ń pa á lára: bó bá ti dìde ju bó ṣe yẹ lọ, àyà rẹ̀ á ṣí sílẹ̀, géńdé kúkurú á sì wọ abẹ́ rẹ̀. Kì í yára fò kúrò lójú ìlà bíi ti Oweh. Títẹ̀ sílẹ̀ pẹ́kọrọ kì í ṣe ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó ń fi agbára wọlé ni. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá ń retí sack 15 lọ́dún lọ́wọ́ rẹ̀ kò wo fídíò náà dáadáa.

Lórí gbogbo èyí ni àwọn dókítà tún wá gbé tiwọn lé. Jíjá iṣan gìgísẹ̀ kì í ṣe ẹsẹ̀ wíwú lásán fún ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ jẹun. Ó máa ń gba oṣù gbọọrọ kó tó san. Èyí ló mú owó rẹ̀ wálẹ̀. Ìpele kejì ni Ballard ti mú un, lẹ́yìn tó ti fi ipò kọkànlélógún mú defensive end mìíràn, Kwity Paye láti yunifásítì Michigan, ẹni tí ara rẹ̀ le lọ́jọ́ náà. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé Paye ni yóò máa gbá eré, tí Odeyingbo yóò fi ráyè tọ́jú ara rẹ̀. Nínú dráfùtì yìí kan náà, Tampa Bay mú Joe Tryon, tó padà fi Shoyinka kún orúkọ rẹ̀, ní ipò kejìlélọ́gbọ̀n. New York Giants mú Azeez Ojulari ní ipò àádọ́ta, Cincinnati sì mú Joseph Ossai tí wọ́n bí ní Nàìjíríà ní ipò kọkàndínláàádọ́rin. Ọdún yẹn kì í ṣe ọdún tí ẹni tó ń wá defensive end lè ráhùn.

Oṣù kẹwàá ọdún 2021 ni Odeyingbo wọ pápá. Ààbọ̀ sack péré ló mú lọ́dún náà, bí a ṣe lè retí lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde láti orí ibùsùn. Ó mú márùn-ún ní 2022, mẹ́jọ ní 2023, mẹ́ta ní 2024. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, Chicago Bears bá a tọwọ́ bọ̀wé ọdún mẹ́ta tí iye rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 48 dọ́là. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ tún já, ọdún náà sì parí fún un.

Ẹni tó bá fẹ́ fi sack 16.5 láàárín ọdún mẹ́rin dá Ballard lẹ́jọ́ lè sọ pé ó ṣe dáadáa níwọ̀nba. Èmi rò pé ó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tí fídíò Vanderbilt sọ ló ṣẹ: agbára, apá gígùn, dídúró níbi gbogbo, àìjáwọ́, àti ààlà tí àìtẹ̀ sílẹ̀ rẹ̀ fi sí i. Bears pàápàá, àwọn ohun kan náà ni wọ́n sanwó lé lórí lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Wọ́n mọ irú ẹni tó jẹ́ kí wọ́n tó mú un, wọ́n sì san iye tó yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Iṣan tó já lẹ́ẹ̀kejì kì í ṣe ohun tí ojú ènìyàn lè rí lórí fídíò, a kò sì gbọ́dọ̀ kà á sí aṣàyẹ̀wò lọ́rùn. Tirẹ̀ ni kó mọ ohun tí eléré ń ṣe lónìí àti ìdí tó fi ń ṣe é. Ó mọ̀ ọ́n nínú ọ̀ràn yìí.