Orin Ábídí Nìkan Kò Tó

Bí ẹ bá ń kọjá lẹ́bàá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ẹ ó gbọ́ ọ: a, b, d, e, ẹ, f, g, gb. Àwọn ọmọ á máa pàtẹ́wọ́ sí i, inú olùkọ́ á sì máa dùn pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ràn orin náà. Kò sí ìdí kankan tí M fi ṣáájú N, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tò ó fún wa, nítorí náà orin ló lè mú un dúró lórí ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹ dá ọmọ ìwé kejì kan dúró, kí ẹ bi í pé, "Lẹ́tà wo ló ṣáájú P?" Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò padà sí A, tí yóò máa kọ ọ́ sínú títí yóò fi dé ibẹ̀. Orin ló mọ̀, kò tíì mọ ètò.

Nǹkan la fi ń wá. Ètò ábídí ló wà nínú rẹ́jísítà, nínú orúkọ tó wà lórí fóònù, àti ní pàtàkì jù lọ, nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Mo máa ń ran àwọn ọmọ kéékèèké àdúgbò wa lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ àṣetiléwá, mo sì ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ wá "gbàgbé". Yóò ṣí ibi G, yóò wá a láàárín "ga" àti "gé", kò ní rí i, yóò sì sọ pé, "Kò sí níbẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀! Bí ìwé náà bá tẹ̀lé ètò ábídí Yorùbá, GB ní ààyè tirẹ̀, lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀ tó fi G bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà kò ní rò pé ọ̀nà tí òun gbà wá a ló kù díẹ̀ káàtó. Ìwé ni yóò dá lẹ́bi. Bó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, kò ní ṣí ìwé náà mọ́.

Ẹjọ́ tí mo ní gan-an wà nínú iṣẹ́ tí a ń fún wọn ṣe. "To àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní ètò ábídí: ìlù, ajá, bàtà, fìlà, dòdò." Ọ̀rọ̀ márùn-ún, lẹ́tà àkọ́kọ́ márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọ kò ní wo lẹ́tà kejì rárá, yóò sì gba máàkì márùn-ún nínú márùn-ún. Nígbà tó bá wá dé inú ìwé atúmọ̀ èdè, yóò bá ojú ewé lórí ojú ewé tí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fi A tàbí I bẹ̀rẹ̀, nítorí pé fáwẹ̀lì ló bẹ̀rẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ orúkọ wa. (U nìkan ni ààyè rẹ̀ ṣófo: kò sí ojúlówó ọ̀rọ̀ Yorùbá àjùmọ̀lò tó fi í bẹ̀rẹ̀, àfi kí a tọ àwọn Èkìtì lọ, tí wọ́n ń pe ilé ní "ulé".) Ẹ fún ọmọ ní ewúrẹ́, ewu, ewé àti ewì kó tò wọ́n. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ wà: ewé, ewì, ewu, ewúrẹ́.

Lẹ́tà márùndínlọ́gbọ̀n la ní. Mẹ́rin nínú wọn, Ẹ, GB, Ọ àti Ṣ, kò sí nínú ti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn náà ló sì ń da ọmọdé láàmú jù. Eyín ṣáájú ẹ̀bà. Súyà ṣáájú ṣàkì. Àgùtàn ṣáájú àgbàdo. Ọmọ tí ẹ bá sọ èyí fún yóò bá yín jiyàn pé B ṣáájú Y, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n E ti parí pátápátá kí Ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a kì í sábà ṣàlàyé fún wọn ni pé àmì abẹ́ ń sọ lẹ́tà di lẹ́tà mìíràn, àmì ohùn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà kan náà ló wà nínú ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, ibì kan náà ni a ó ti bá wọn.

Àárín wákàtí kan sí èkejì ni ọmọ ń bọ́ láti inú ètò kan sí òmíràn. Nínú rẹ́jísítà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tò ó, Gbádébọ̀ ṣáájú Gíwá. Nínú iṣẹ́ Yorùbá, Gíwá ló ṣáájú. N kò sọ pé kí a yí rẹ́jísítà padà. Láti 1843 tí Àjàyí Crowther ti tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ni ọ̀rọ̀ wa ti ń tò sínú ìwé tí Gẹ̀ẹ́sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ètò méjèèjì yóò sì máa wà. Kí olùkọ́ ṣáà sọ èyí tí a ń lò báyìí, kó sì sọ ìdí rẹ̀.

Àwọn olùkọ́ kan yóò ní kíláàsì kún fọ́fọ́, ìwé atúmọ̀ èdè kan ṣoṣo ló sì wà, inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá ilé ìwé ló wà pẹ̀lú. Mo gbà. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn ọmọ wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ gé páálí, kí kálukú kọ orúkọ rẹ̀ sí i pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí ẹ kó wọn jáde síta, kí wọ́n tò ara wọn. Báyọ̀, Bísí, Bọ́lá àti Bùkọ́lá yóò rí i pé B nìkan kò yanjú ọ̀rọ̀ àwọn. Ní ìsàlẹ̀ ìlà, Ṣadé àti Sùnmọ́nù yóò máa ti ara wọn, nítorí Ṣadé ló máa ń ṣáájú nínú rẹ́jísítà. Kí olùkọ́ má tètè dá sí i. Kí wọ́n jà á, kí wọ́n lọ wo ábídí lára ògiri, kí wọ́n sì padà wá sọ ẹni tó yẹ kó bọ́ sẹ́yìn.