Ọlámidé àti Ẹ̀sùn Tí Wọ́n Kà Sí I Lẹ́sẹ̀

Láti Kétu dé Ṣábẹ, láti Pobẹ́ dé Àjàṣẹ́, ó ṣòro kí a ṣe ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ lóde òní kí ilẹ̀ ṣú láìgbọ́ ohùn Ọlámidé. Àwọn ọmọ tí kò tíì kọjá ẹnubodè Ìgólò rí láyé wọn ń dárúkọ Bàrígà bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Síbẹ̀, nínú ohun tí à ń kà nípa akọrin yìí, ọ̀rọ̀ owó rẹ̀ ló pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ ìwà rẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Àwọn tó jókòó ti Yorùbá tó ń kọ, tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bí a ṣe ń yẹ ewì wò, kò tó nǹkan. Ohun tí a fẹ́ ṣe níhìn-ín nìyẹn. A ó sì wò ó pọ̀ mọ́ bí ó ṣe ń dá àwọn alárìíwísí rẹ̀ lóhùn, nítorí pé nínú iṣẹ́ ọkùnrin yìí, ọ̀kan kò ṣeé yọ kúrò lára èkejì.

Ìtàn rẹ̀ kò gùn láti sọ. Wọ́n bí Ọlámidé Gbénga Adédèjì ní ọdún 1989, Bàrígà ní Èkó ló sì ti dàgbà. Orin «Ẹni Dúró» ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 2010, lábẹ́ ilé iṣẹ́ Coded Tunes ti ID Cabasa, àwo àkọ́kọ́, Rapsodi, sì tẹ̀ lé e ní 2011. Ní 2012, nígbà tí kò tíì ju ẹni ọdún mẹ́tàlélógún lọ, ó kúrò níbẹ̀, ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní YBNL, ìyẹn Yahoo Boy No Laptop. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀sùn lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn: ta ni yóò fi ọ̀rọ̀ àwọn gbájúẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì sọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ lórúkọ? Àwa rò pé ó mọ ohun tó ń ṣe. Ó mú èébú tí wọ́n ń bú àwọn ọmọ àdúgbò rẹ̀, ó sì fi kọ́ sára ògiri ilé ara rẹ̀.

Kí a tó dé orí ẹ̀sùn yòókù, a ní láti sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ gan-an. Nínú ráàpù Faransé, bíi ti MC Solaar tí wọ́n bí sí Dákà ní 1969, ìró tó parí ìlà ni akọrin fi ń ṣe ọnà, ìró kan ń pe èkejì rẹ̀. Èdè Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Fáwẹ̀lì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa ń parí sí, àìránmúpè nínú wọn kò ju méje lọ, ìwọ̀nba sì ni aránmúpè. Bí ẹnìkan bá ní kí òun kàn mú ìparí ìlà bá ara wọn mu, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe é kí obẹ̀ tó jiná. Inú ohùn ni iṣẹ́ wà. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀: ohùn nìkan ló yà wọ́n. Ìlù ráàpù sì rèé, eré ló ń sá, ohùn pẹrẹsẹ ló ń fẹ́. Ẹni tó bá jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún ìlù pátápátá, ọkọ̀ yóò di ọkọ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó bá sì tẹ̀ lé ohùn nìkan, ewì ló ń ké, kò ṣe ráàpù mọ́.

Àárín méjèèjì yìí ni Lord of Ajasa àti Dagrin ti kọ́kọ́ la ọ̀nà. Dagrin kú ní oṣù kẹrin ọdún 2010, kò tíì pé ọdún kan tí àwo rẹ̀, C.E.O., jáde. Ọlámidé bọ́ sójú ọ̀nà náà, ó sì mú un gbòòrò sí i. Nínú Rapsodi àti nínú YBNL ti 2012, etí wa kì í sábà ṣi ọ̀rọ̀ kan gbọ́ bó ti wù kó sáré tó. Bí gbólóhùn kan bá sọ̀ kalẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á gòkè pàdé rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí apá méjèèjì òwe ṣe máa ń dojú kọ ara wọn. Ìfohùndárà ni àwọn olùkọ́ wa ní yunifásítì ń pe irú ọnà bẹ́ẹ̀. Ọmọ Bàrígà kò bi wọ́n kó tó máa lò ó. Etí ló fi kọ́ ọ, bóyá lẹ́nu àwọn onífújì, bóyá lẹ́nu àwọn ìyá ọlọ́jà tó ń bú ara wọn. (Ẹni tó bá rò pé èébú ọjà kò ní ọnà nínú, kò tíì dúró pẹ́ ní Ọjà Wàndó.)

Èyí ló mú kí ẹ̀sùn àkọ́kọ́ tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀ dùn wá jù. Wọ́n ní Yorùbá tó ń lò ti pọ̀ jù, pé ẹni tó bá fẹ́ kí ayé gbọ́ òun yẹ kó kọrin ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní ilẹ̀ tiwa, a mọ ẹ̀sùn yìí dunjú, orúkọ mìíràn ni wọ́n pè é fún wa. Àwọn bàbá wa kò gbàgbé «signal», ohun ìtìjú tí wọ́n ń fi kọ́ ọmọ ilé-ìwé lọ́rùn nígbà tó bá sọ èdè abínibí rẹ̀, tí ọmọ náà yóò máa gbé kiri títí yóò fi rí ẹlòmíràn tó ṣe irú ẹ̀ṣẹ̀ kan náà. Wọn kì í kọ́ ọ mọ́. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì tí a ti ń kọ́ni, ọmọ tó lè to ogún ìlà ráàpù ní Yorùbá láìṣi ohùn kan ṣì ń sọ fún wa pé òun «kò mọ èdè», nítorí pé àmì rẹ̀ nínú Faransé kò dára. Ọlámidé kò fi ẹnu jiyàn ẹ̀sùn yìí. Ó kàn ń bá a lọ ní Yorùbá, àwọn tó ní kó yí padà sì ń jó sí i.

Ẹ̀sùn kejì ni pé ó ń yára jù. Òótọ́ ni. Láti 2011 dé 2017, kò sí ọdún kan tí kò gbé àwo jáde, èyí tó ṣe pẹ̀lú Phyno ní 2015 sì tún wà lọ́tọ̀. Nígbà tí ariwo náà pọ̀, ó fi Eyan Mayweather dáhùn ní oṣù kọkànlá ọdún 2015. Orúkọ Floyd Mayweather ló yá, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tí ẹnikẹ́ni kò nà rí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ borí Manny Pacquiao ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí wọ́n wá bá òun jà ná. Àwo náà ní orin mọ́kànlélógún. Èrò tiwa ni pé mẹ́wàá ìbá ti sọ ohun kan náà, ìbá sì ti dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn àṣejù kàn kì í fi orin mọ́kànlélógún wẹ ara rẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìyà adáṣe ti hàn: kò sí ọ̀gá tí yóò gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀gá tí yóò sọ fún un pé orin yìí kò tíì jinná.

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn ìgbà náà tí ohun tí gbogbo ayé rí fi ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016, níbi ayẹyẹ Headies ní Èkó, wọ́n fún Reekado Banks ní àmì ẹ̀yẹ tí Ọlámidé gbà pé ti Lil Kesh, ọmọ abẹ́ rẹ̀, ni. Ó gun orí ìtàgé, ó sọ ọ́ síta. Don Jazzy náà fún un lésì níbẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, Ọlámidé lọ sórí Twitter, ó rọ̀jò èébú. Kò pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fi parí rẹ̀, tí àwọn méjèèjì tọrọ àforíjì. A kò ní dá a lẹ́bi pé ó gbèjà ọmọ rẹ̀. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé ọkùnrin tó lè fi ìlà méjì sọ àgbà di ẹni àpẹ́sìn tàbí ẹni yẹ̀yẹ́ wá bú ènìyàn bí ẹnikẹ́ni ti í bú ènìyàn, láìsí àṣàyàn ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ̀mí rẹ̀ gbóná, ọnà rẹ̀ sì fò lọ.

Ti ìjọba ni ẹ̀sùn kẹta. Ní 2017, ilé iṣẹ́ ètò ìlera Nàìjíríà sọ pé fídíò «Wo» ń polówó sìgá. Àjọ NBC, tó ń mójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ní kí wọ́n má ṣe gbé orin náà sáfẹ́fẹ́. Ní 2018, ó tún kan «Science Student», nítorí oògùn olóró. Ọlámidé ní kì í ṣe pé òun ń gbé àwọn nǹkan wọ̀nyí lárugẹ. A gbà á gbọ́ lórí èkejì ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí pé nínú «Science Student» ó ń to orúkọ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń pò mu ní àdúgbò rẹ̀, ẹni tó bá sì ń to orúkọ àrùn kọ́ ló kó o wọ̀lú. Ní ti «Wo», orin ijó ni, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò tó nǹkan tí a ń gbèjà.

Àwa tí a wà ní agbègbè Kétu ní òṣùwọ̀n kan tí àjọ NBC kò ní. Ní òru tó ṣáájú ọjọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Ẹ̀fẹ̀ a máa jáde sí gbangba ọjà. Yóò kọrin bú olè, yóò bú alágbèrè, yóò bú olóyè tó jẹ owó ìlú, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ mú un nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Nígbà tí UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò, ara ohun tí wọ́n ń yìn ni ẹnu tí kò ní ìjánu yìí. Ṣùgbọ́n Ẹ̀fẹ̀ kì í la ẹnu kó tó júbà, àwọn ìyá ló sì ń júbà fún. Òmìnira rẹ̀, ọwọ́ àwọn ìyá ló ti gbà á.

Òṣùwọ̀n yìí ló jẹ́ kí «Story for the Gods» ti 2014 máa dà wá láàmú títí di òní. Ọ̀pọ̀ obìnrin ní Nàìjíríà sọ nígbà náà pé orin náà fi ìfipábánilòpọ̀ ṣe ohun ijó. A tún un gbọ́ kí a tó kọ ìwé yìí, a sì gbà pẹ̀lú wọn. Nínú gbogbo ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀, èyí nìkan ni a kò rí ìdáhùn gidi sí nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọ àwo kan lódindi fún àwọn tó ní iṣẹ́ rẹ̀ kò dára. A kò mọ orin kan tó kọ fún àwọn obìnrin wọ̀nyí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ló sọ ohun tó yẹ kí akọrin Yorùbá gbọ́. Nínú kíláàsì wa, àwọn ọmọbìnrin mọ orin náà lórí. Ọ̀kan bi wá léèrè bóyá ohun tí ó ń sọ yẹn dára, nítorí pé ó dùn. Ọjọ́ yẹn ni a pinnu láti kọ àpilẹ̀kọ yìí.

Láti nǹkan bí 2020 ni ẹ̀sùn ti yí padà. Ó ti bá ilé iṣẹ́ EMPIRE ti Amẹ́ríkà dòwò pọ̀. Nínú Carpe Diem àti UY Scuti tó tẹ̀ lé e ní 2021, orin ló ń dá ju ráàpù lọ, àwọn olólùfẹ́ àtijọ́ sì ń sunkún pé ó ti fi wọ́n sílẹ̀. A kò bá wọn sunkún. Ọkùnrin tí wọ́n ní àdúgbò nìkan ló mọ̀ ti la ilé rẹ̀ fún Adekunle Gold, fún Fireboy DML àti fún Asake, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ń kọrin bíi tirẹ̀. Ìyẹn ni ìdáhùn tó dára jù lọ tí ó tíì fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí «Amapiano», tí òun àti Asake jọ ṣe, wọ ìdíje Grammy ti 2024, Yorùbá ló kún inú rẹ̀. Kò gba àmì ẹ̀yẹ náà, Tyla ti South Africa ló gbà á.

Ohun tí àwa ń ṣàárò rẹ̀ ni ìfohùndárà ti àwo àkọ́kọ́. Nínú orin dídùn tòní, ohùn orin ló ń gbé ọ̀rọ̀, etí kò ní láti ṣọ́ ọ̀rọ̀ mọ́ bíi ti ìgbà kan. Ní sáà tó ń bọ̀, a ó fún kíláàsì wa ní orin kan láti inú Rapsodi àti ọ̀kan láti inú UY Scuti, a ó ní kí wọ́n kọ wọ́n sílẹ̀, kí wọ́n fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀. «Story for the Gods» náà yóò wà níbẹ̀, ọmọbìnrin tó bi wá léèrè ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.