Ẹjọ́ Àgbẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀tá

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òwe yìí ni ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá ń ka iṣẹ́ Ranajit Guha, òpìtàn ọmọ Bengal tí a bí ní 1923, tí ó sì kú ní 2023. Ìwé rẹ̀ ti 1983 lórí ọ̀tẹ̀ àwọn àgbẹ̀ Íńdíà ni mo kà sí olórí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ náà kò kọ ìwé sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ àwọn tí ó ṣẹ́gun wọn ni ó kù. Guha kò torí èyí káwọ́ lẹ́rán. Ó kọ́ wa pé níbi tí ajẹ́lẹ̀ bá ti kọ "ọlọ̀tẹ̀", kí á ka "àgbẹ̀". Níbi tí ó bá ti kọ "ìwà ìkà", kí á wò ó bóyá ìyà ni wọ́n kọ̀. Nígbà tí àwọn olórí ọ̀tẹ̀ Santal ti 1855 ní Thakur tí àwọn ń sìn ni ó rán àwọn níṣẹ́, kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ìgbàgbọ́ yẹn gan-an ni ìṣèlú wọn.

Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì, èdè ajẹ́lẹ̀, ni ó fi ro ẹjọ́ wọn. Òun ni ó jẹ́ kí Sussex àti Canberra, níbi tí ó ti ṣe olùkọ́, gbọ́ ọ. N kò kóyán èyí kéré. Lọ́jọ́ ogbó rẹ̀ ni ó padà sí kíkọ èdè Bengali. Mo yìn ín fún un. Síbẹ̀, ta ni à ń ro ẹjọ́ fún, bí ẹlẹ́jọ́ kò bá gbọ́ ohun tí agbẹjọ́rò rẹ̀ ń wí?