Ètò Tó Ń Yin Ojúde Tó Lẹ́wà

Ní Ìlú Ọba, ètò kan wà tí wọ́n fi ń bọlá fún àdúgbò tó bá fi òdòdó àti igi tọ́jú ojúde àti òpópónà rẹ̀. Britain in Bloom ni wọ́n ń pè é. Roy Hay, akọ̀ròyìn tó máa ń kọ̀wé nípa ọ̀gbìn, ló mú èrò náà wá láti ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìdíje náà ní 1964. Àjọ tó ń mójú tó ìrìn-àjò afẹ́ ló kọ́kọ́ ń darí rẹ̀. Ní 2002, ó bọ́ sọ́wọ́ Royal Horticultural Society, ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ láti 1804.

Ìlú tó bá fẹ́ kópa yóò forúkọ sílẹ̀, wọn yóò sì tò ó mọ́ àwọn tí iye ènìyàn wọn kò jìnnà síra, kí abúlé má baà máa bá ìlú ńlá díje. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, tí òdòdó tanná dáadáa, àwọn adájọ́ á fẹsẹ̀ rìn yí àdúgbò ká. Kì í ṣe òdòdó nìkan ni wọ́n ń wò: wọn a wò bóyá ìdọ̀tí wà nílẹ̀, wọn a sì béèrè àwọn tó ṣiṣẹ́ náà, bóyá ọmọ iléèwé, àgbàlagbà tàbí onísọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá gba máàkì tó pọ̀ á gba wúrà. Fàdákà àti idẹ wà fún àwọn tó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ àdúgbò tún ń ṣe ìdíje tiwọn fún ojúde ilé kọ̀ọ̀kan.

Lójú tèmi, ibi tí ọgbọ́n ètò yìí wà nìyí: ìyìn ló fi ń mú ènìyàn ṣiṣẹ́, kì í ṣe ìjìyà. Àwa náà mọ wolé-wolé ayé àtijọ́, tó máa ń yọjú sínú ìkòkò omi láti wá tanwíjí. Iṣẹ́ rẹ̀ gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀rù owó ìtanràn kì í ṣe ju ohun tí òfin sọ lọ. Yinni yinni, kẹ́ni ó ṣe òmíràn.

Ní agbègbè wa ní Èkó, láti Alaba Rago dé Ìbà àti Okokomaiko, ohun èlò irú iṣẹ́ yìí kò wọ́n. Ẹ̀ka pèrègún tàbí akòko tí a bá gún sílẹ̀ lásìkò òjò á ta gbòǹgbò. Táyà ògbólógbòó tí a kùn ní funfun, tí a sì kó ilẹ̀dú sí, tó láti fi gbin ìxora pupa. Ohun tó ń bà wá lójúde jẹ́ jù ni sìmẹ́ńtì tí a ń dà bo gbogbo rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi kò ríbi rì sí. Gọ́tà á kún, omi á sì ya wọlé aládùúgbò. Ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ fún òdòdó á fa lára omi náà mu, igi á sì dín ooru kù.

Ìjọba Èkó ti ń gbin igi lọ́jọ́ 14 oṣù Keje láti 2008, wọ́n sì fi òfin dá àjọ LASPARK sílẹ̀ ní 2011 fún ọgbà àti igi ìlú. Ojúde ilé wá di tiwa. Mo rọ ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, pàápàá ní ẹsiteeti Ìbà tí ìjọba Jákàńdè, gómìnà Èkó nígbà kan, kọ́: ẹ mú òpópónà kan ṣoṣo, ẹ yan adájọ́ mẹ́ta tí kò gbé níbẹ̀, kí ẹ sì kéde orúkọ ẹni tó bá borí nínú ìpàdé àdúgbò.