Kí Bánà Fẹ̀, Kí Ojú Má Fẹ̀

Ẹni tó bá gba òpópónà Bajulaiye ní Ṣómólú kọjá wọ Bàrígà yóò rí bánà òkú àti ti ìgbéyàwó lára ògiri, yóò sì rí i pé ojú àwọn kan nínú wọn fẹ̀ bí àwo. Ọlọ́run kọ́ ló dá wọn bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ìtẹ̀wé ló fi agídí fa fọ́tò kí ó lè kún bánà.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Fọ́tò jẹ́ íǹṣì 6 ní ìbú, 4 ní gíga. Bánà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 ní ìbú, 4 ní gíga. Bí a bá gé fọ́tò náà kó lè bá bánà mu, ìdá méjì nínú márùn-ún gíga rẹ̀ ti lọ nìyẹn, gèlè tàbí bàtà á sì bá a lọ. Bí a bá fà á láìgé, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni gbogbo ohun inú rẹ̀ á fi fẹ̀ sí i, látorí ojú dórí ìka. Ìṣòro yìí ni Content-Aware Scale inú Photoshop wá yanjú.

Shai Avidan àti Ariel Shamir, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ló gbé ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ jáde ní 2007. Adobe, ilé iṣẹ́ tó ni Photoshop, fi í sínú Photoshop CS4 ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Kọ̀ǹpútà á wá ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti òkè fọ́tò dé ìsàlẹ̀, píkísẹ́lì kan péré ní ìbú, tó ń wọ́ kọ́rọkọ̀rọ gba ibi tí àwọ̀ kò ti yí padà púpọ̀. Bí a bá fẹ́ kí fọ́tò kéré, á yọ ọ̀nà náà. Bí a bá fẹ́ kó fẹ̀, á fi irú rẹ̀ kún un. Ọmọ tó dá dúró létí ọ̀sà ní Bàrígà ni kí ẹ fi dán an wò: omi àti ojú ọ̀run á fẹ̀, ọmọ á wà bó ṣe wà. Níbẹ̀, iṣẹ́ náà dára gan-an ni.

Òde àríyá ló ti ń ṣìnà. Ibi tí àwọ̀ bá ti ń yí padà lemọ́lemọ́ ni ẹ̀rọ yìí kà sí pàtàkì. Léèsì àti àǹkárá kún fún iṣẹ́ ọnà. Ojú tí páúdà àti àtúnṣe fọ́tò ti mú jọ̀lọ̀ kò ní nǹkan kan lára. Lójú kọ̀ǹpútà, léèsì ṣe pàtàkì ju ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ. Adobe fi bọ́tìnì kékeré kan síbẹ̀, tó ní àwòrán ènìyàn, láti máa dáàbò bo àwọ̀ ara. Àwọ̀ ni bọ́tìnì náà ń wá, kò mọ ènìyàn: sányán lè jọ ara lójú rẹ̀, ojú tó wà lábẹ́ òjìji gèlè sì lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Èmi kò ní gbára lé e.

Àpótí Protect, tó wà nínú irinṣẹ́ kan náà, ni mo gbóríyìn fún. Ẹ fi Lasso yí Màmá inú fọ́tò po, láti gèlè dé bàtà, pẹ̀lú pọ́ọ̀sì ọwọ́ wọn. Ẹ má yọ òjìji ẹsẹ̀ wọn sílẹ̀ o, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ òjìji á fẹ̀ lọ, á fi ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ẹ lọ sí Select, ẹ tẹ Save Selection, kí ẹ sọ ọ́ lórúkọ; Photoshop á pa á mọ́ bíi channel. Bí ẹ bá wá ṣí Content-Aware Scale, ẹ mú orúkọ náà nínú Protect kí ẹ tó fà á. Ibi tó bá funfun nínú channel yẹn kò ní yí, dúdú ni ẹ̀rọ á máa ṣiṣẹ́ lé lórí. Níbí, ènìyàn ló ń pinnu ohun tó ṣe pàtàkì.

Kò lè ṣe gbogbo nǹkan ṣá. Bí ìdílé bá fi èjìká kan èjìká kún fọ́tò, tí a dáàbò bo gbogbo wọn, kò sí ibi tó kù láti fà. Irin ojú fèrèsé àti táìlì a máa tẹ̀. Fọ́tò tó ti ṣú látorí WhatsApp, ṣíṣú ni yóò wà.

Generative Expand, tó dé ní 2023, lè ya ẹ̀yìn tuntun sí fọ́tò, àmọ́ dátà ló ń jẹ, ó sì ń hùmọ̀ ohun tí kò sí níbẹ̀. Fún bánà òkú, èyí àtijọ́ ni mo fara mọ́. Ẹ̀sùn tí mo ní sí i ni pé None ni wọ́n kọ sínú Protect láti ilẹ̀. Ẹni tí oníbàárà dúró lé lórí, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀, bóyá ni yóò wo ibẹ̀.